Orí Kẹfà: Bí Ológbò Bá Ń Bì, Tó sì Ń Ṣu Gbuuru

Láti ẹnu géètì Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó (LASU) ní Ọ̀jọ́ títí dé Òkòkòmáíkò, láti Ìyànà-Ìbà wọ inú Ẹ̀sìtéètì Ìbà, ológbò pọ̀ ju bí èèyàn ṣe rò lọ. Ẹni tó ń ta ìrẹsì, ẹ̀wà àti gàrí ní àpò-àpò mọ̀ pé bí ológbò ò bá sí nílé, ilé di ilé èkúté, nítorí náà ó ní ọ̀kan tó ń sùn lórí ọjà rẹ̀. Nílé àwọn Mùsùlùmí ìlú Ọ̀jọ́, ológbò lè rìn kọjá níwájú ẹni tó ń kírun kí ẹnikẹ́ni má jágbe mọ́ ọn, ẹran tó mọ́ ni wọ́n kà á sí. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà ń sìn ín nínú yàrá tí wọ́n háyà.

Bí ológbò ilé tàbí ti ṣọ́ọ̀bù bá wá bẹ̀rẹ̀ sí í bì, tó ń ṣu gbuuru, oògùn ara wọn ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń kọ́kọ́ nawọ́ sí: Flagyl, tẹtirasáíkílìn, Panadol. Bí wọn ò bá rí ìyẹn, wọ́n á rọ epo pupa sí i lẹ́nu. Ìdí tí a fi kọ orí yìí ni pé ohun tó ń pa ológbò tí inú ń yọ lẹ́nu kì í sábà jẹ́ àìsàn tó kọ́kọ́ mú un. Omi tó tán lára rẹ̀ ló ń pa á, tàbí oúnjẹ tó kọ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, tàbí oògùn tí ẹni tó ni ín fi ọwọ́ ara rẹ̀ fún un. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ṣeé dènà.

Omi ni, oúnjẹ ni

Àwọn ìyá tó tọ́mọ nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Olikoye Ransome-Kuti jẹ́ mínísítà ètò ìlera, láti ọdún 1985 títí wọ ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, kò lè gbàgbé omi oníyọ̀ àti ṣúgà. Ohun tí ìjọba ń kọ́ wọn nígbà náà ni pé ìgbẹ́ gbuuru fúnra rẹ̀ kọ́ ló ń pa ọmọ, bí kò ṣe omi àti iyọ̀ ara tó ń bá ìgbẹ́ náà jáde. Ẹni tó bá tètè dá omi padà sára ọmọ ti gba ọmọ náà là, kí wọ́n tiẹ̀ tó mọ kòkòrò tó fà á.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ lọ̀rọ̀ ológbò rí, àfi pé tirẹ̀ tún le jù. Ọ̀pọ̀ ológbò tó ti dàgbà kò wúwo ju kílò 3 sí 5 lọ, ọmọ ológbò tí kò tí ì pé oṣù méjì sì lè má tó kílò kan. Omi tí irú ara bẹ́ẹ̀ lè pàdánù kó tó dojú rú kò tó nǹkan. Èkejì, inú ológbò igbó ilẹ̀ Áfíríkà àti ti ìlà-oòrùn Òkun Mẹditaréníà ni ológbò ilé ti ṣẹ̀ wá, ẹranko tó ń gbé níbi tí omi ti wọ́n, tó jẹ́ pé inú ara eku àti ẹyẹ tó bá pa ló ti ń rí omi mu. Ìyẹn ni òùngbẹ kì í fi í tètè gbẹ ológbò. Ajá tó ń ṣu gbuuru lè lọ lá omi fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n ológbò lè jókòó ti abọ́ omi kó má fẹnu kàn án.

Ti oúnjẹ náà ní ewu tirẹ̀. Bí ológbò kò bá jẹun fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta, pàápàá èyí tó sanra, ara rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í kó ọ̀rá jọ sínú ẹ̀dọ̀ ju bí ẹ̀dọ̀ ṣe lè lò ó lọ. Ẹ̀dọ̀ á dẹnu kọlẹ̀, ojú àti etí ológbò náà á pọ́n bí ìyeyè, ìyẹn sì tó pa á lẹ́yìn tí inú rẹ̀ ti dáwọ́ ìyọnu dúró. Nítorí náà, ẹni tó bá ní kí ẹ febi pa á fún ọjọ́ mẹ́ta kí inú rẹ̀ lè sinmi, ẹ má dá a lóhùn.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa

Ológbò kì í jẹ́ kí a mọ̀ pé ara òun kò yá. Ó máa ń bo ìgbẹ́ rẹ̀ mọ́lẹ̀, yanrìn tí kò sì jìnnà sí ẹnikẹ́ni lágbègbè Ọ̀jọ́, pẹ̀lú èyí tí àwọn tó ń kọ́lé já síwájú ilé, ń ràn án lọ́wọ́. Ó lè ti ń ṣu gbuuru láti ọjọ́ mẹ́ta kí ẹnikẹ́ni má rí i. Ohun tí ẹ máa rí ni irun tó lẹ̀ mọ́ra lábẹ́ ìrù, ológbò tó ń sá sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, tàbí èyí tí kò wá mọ́ nígbà tí ẹ bá ń ha ẹja.

Ẹ gbé e sórí tábìlì níbi tí ìmọ́lẹ̀ ti tó. Ẹ fi ìka méjì mú awọ èjìká rẹ̀, ẹ fà á sókè díẹ̀, kí ẹ sì jù ú sílẹ̀. Bí omi bá wà lára rẹ̀, awọ náà á padà sáyè lójú ẹsẹ̀. Bó bá ń falẹ̀ kó tó padà, tàbí tó dúró sókè gan-an, omi ti tán lára rẹ̀. Ti ológbò tó ti darúgbó tàbí tó rù lè falẹ̀ díẹ̀ láìsí àìsàn, nítorí náà ẹ wo ẹnu rẹ̀ pẹ̀lú. Ẹ ká ètè òkè sókè, ẹ wo ẹran ìdí eyín. Kó pọ́n díẹ̀, kó sì tutù ló dára. Bó bá gbẹ, tó ń lẹ̀ mọ́ ìka, omi ti dín. Bó bá funfun, ẹ̀jẹ̀ ló ń tán lọ. Bó bá ní àwọ̀ ìyeyè, ẹ̀dọ̀ ni. Bó bá di àwọ̀ ilẹ̀, ó ṣeé ṣe kí ẹnì kan ti fún un ní Panadol.

Ẹ má tí ì pa ẹnu náà dé. Ẹ la á, kí ẹ fi àtàǹpàkò ti abẹ́ àgbọ̀n rẹ̀ sókè láti ìta, ahọ́n á sì gbéra. Òwú ni ẹ ń wá. Ológbò fẹ́ràn okùn tó ń mì, àdúgbò tí ṣọ́ọ̀bù aránṣọ pọ̀ sí, tí òwú ìdirun sì wà nílẹ̀ níwájú ṣọ́ọ̀bù onídìrí, kò sì dára fún un. Òwú náà máa ń há sí ìdí ahọ́n, ìyókù á wọ inú ìfun. Ìfun á máa fà á síwájú, ahọ́n kò ní jẹ́ kó lọ, ni ìfun á bá ká jọ, òwú á sì máa ré e díẹ̀díẹ̀. Bí ẹ bá rí òwú lábẹ́ ahọ́n, tàbí tó yọ jáde ní ìdí rẹ̀, ẹ má fà á. Iṣẹ́ abẹ ló kù.

Ohun kan tún wà tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń ṣì mú fún ọ̀rọ̀ inú. Akọ ológbò á lóṣòó sínú yanrìn, á máa fi ipá tì, á máa ké, kò ní rí nǹkan kan ṣe. Wọ́n á ní ìgbẹ́ ló há, wọ́n á fún un ní òróró. Bẹ́ẹ̀, ìtọ̀ lè jẹ́ ohun tó dí. Akọ ológbò tí kò lè tọ̀ lè kú láàárín ọjọ́ méjì sí mẹ́ta, kò sì sí oògùn kankan tí ẹ lè lò fún un nílé. Dókítà ẹranko ni, lọ́jọ́ náà gan-an.

Ohun tó ń fà á

Oúnjẹ ló wọ́pọ̀ jù, òun náà ló sì rọrùn jù láti tún ṣe. Ẹja tó ti rùn, egungun, ọbẹ̀ aláta, oúnjẹ tuntun tí wọ́n yí padà fún un lẹ́ẹ̀kan náà: gbogbo rẹ̀ ló lè mú un bì tàbí ṣu. Mílíìkì inú agolo tí ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé oúnjẹ ológbò ni, inú ọ̀pọ̀ ológbò tó ti dàgbà kò lè dà á mọ́. Alúbọ́sà inú ọbẹ̀ burú ju ata lọ, nítorí ó ń ba sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́. Bí ó bá wá jẹ́ pé ó bì lẹ́ẹ̀kan, tí irun tó lá gbé mì sì wà nínú èébì náà, tó tún ń ṣeré lẹ́yìn náà, ẹ fi í sílẹ̀.

Lẹ́yìn oúnjẹ, aràn ló kàn. Irú kan, tó funfun, tó gùn, tó sì roboto, ń gba inú ọmú ìyá dé inú ọmọ ológbò. Ọmọ náà á yọ ikùn, egungun ẹ̀yìn rẹ̀ á sì hàn síta. Irú kejì ń fi eyín di ògiri ìfun mú, ó ń mu ẹ̀jẹ̀, ìgbẹ́ á sì dúdú. Irú kẹta pẹlẹbẹ, ó máa ń já sí wẹ́wẹ́, tí ẹ ó rí i tó gbẹ mọ́ irun ìdí ológbò bí hóró ìrẹsì. Inú yọ̀rọ̀ ni ọmọ aràn pẹlẹbẹ yìí máa ń wà. Nígbà tí ológbò bá ń lá ara rẹ̀, á gbé yọ̀rọ̀ mì, á sì gbé aràn mì pẹ̀lú. Aràn pẹlẹbẹ mìíràn wà tó jẹ́ inú eku tó bá pa jẹ ló ti ń kó o. Pyrantel ń pa méjì àkọ́kọ́, praziquantel ni ti pẹlẹbẹ. Ẹni tó bá lo oògùn aràn láìpa yọ̀rọ̀, aràn náà á tún padà wá. Ọmọ ológbò lè bẹ̀rẹ̀ oògùn aràn láti ọ̀sẹ̀ kẹta, lẹ́ẹ̀kan ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì títí wọ́n á fi já a lẹ́nu ọmú, ṣùgbọ́n ìwọ̀n rẹ̀ ni kí ẹ jẹ́ kí dókítà fi òṣùwọ̀n ṣírò.

Èyí tó burú jù ni àìsàn tí àwọn dókítà ń pè ní panleukopenia. Fáírọ́ọ̀sì ló ń fà á. Àwọn onímọ̀ ti fi èyí hàn láti ọdún 1928. Òun àti pávò tó ń pa ọmọ ajá, èyí tó bẹ́ sílẹ̀ káàkiri àgbáyé ní ọdún 1978, ìdílé kan náà ni wọ́n. Sẹ́ẹ̀lì tó ń yára pọ̀ sí i ló máa ń kọlù: ti ògiri ìfun àti ti mùdùnmúdùn egungun, níbi tí ara ti ń ṣe ẹ̀jẹ̀. Ìfun á bó, sẹ́ẹ̀lì funfun tó yẹ kó gbèjà ara á sì tán nínú ẹ̀jẹ̀, nígbà tí ológbò nílò wọn jù. Ọmọ tó ń ṣeré láàárọ̀ lè kú kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, àwọn èèyàn á sì ní ẹnì kan ló fún un ní májèlé jẹ. Bí ẹ kò bá tọ́jú rẹ̀, púpọ̀ nínú àwọn ọmọ tó bá mú kì í yè é.

Fáírọ́ọ̀sì yìí lè wà nínú ilé fún ọdún kan gbáko. Ọṣẹ lásán kò ràn án. Ohun tó ń pa á ni bíléèṣì, bíi Hypo tàbí Jik: ẹ kọ́kọ́ fọ ìdọ̀tí kúrò, kí ẹ pò ó ní ìwọ̀n 1 mọ́ omi ìwọ̀n 30, ẹ jẹ́ kó wà nílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 10, lẹ́yìn náà kí ẹ fi omi ṣan án dáadáa. Ẹ má lo Izal tàbí Dettol níbi tí ológbò ń sùn sí. Ara rẹ̀ kò lè borí àwọn kẹ́míkà inú wọn, bẹ́ẹ̀ ó máa lá ohunkóhun tó bá lẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀.

Májèlé pẹ̀lú kò jìnnà. Ọ̀tá-píá-píá àti Sniper tí wọ́n fi ń pa kòkòrò ní kẹ́míkà dichlorvos nínú. Ní ọdún 2019, NAFDAC, àjọ tó ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn, fòfin de títa ìgò kéékèèké rẹ̀. Ológbò tó bá lá a á máa da itọ́, á máa bì, á máa ṣu, dúdú ojú rẹ̀ á kéré, ara rẹ̀ á sì máa gbọ̀n. Atropine wà lọ́wọ́ dókítà fún irú èyí. Epo pupa kò lè fà á jáde. Epo tí ẹ bá rọ sí ẹnu ẹran tó ń gbọ̀n máa ń gba ọ̀nà èémí lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró, ìyẹn á sì di àìsàn kejì. Mílíìkì náà kò lè pa májèlé.

Oògùn tiwa, ikú tirẹ̀

Ẹ̀dọ̀ èèyàn ní ọ̀nà kan tó fi ń de parasítámọ́ọ̀lù tó wà nínú Panadol mọ́lẹ̀ kó lè bá ìtọ̀ jáde. Ológbò kò ní ọ̀nà yìí lọ́nà tó tó. Nígbà tí Panadol bá dé ara rẹ̀, ó ń di májèlé tó ń sọ ẹ̀jẹ̀ di àwọ̀ ilẹ̀, ẹ̀jẹ̀ náà kò sì ní lè gbé afẹ́fẹ́ mọ́. Ojú rẹ̀ á wú, ẹsẹ̀ rẹ̀ á wú, á máa mí gúlegúle. Tábùlẹ́ẹ̀tì 500 mílígíráàmù kan ṣoṣo tó pa ológbò tó ti dàgbà. Bí ẹnikẹ́ni bá ti ṣèèṣì fún un, ẹ má dúró wo bó ṣe máa rí. Oògùn tó ń gbà á là wà lọ́wọ́ dókítà ẹranko, ó sì ń ṣiṣẹ́ jù bí ẹ bá tètè dé.

Ibuprofen ń lu ikùn rẹ̀ jálu, ó sì ń ba kíndìnrín rẹ̀ jẹ́. Aspirin ń pẹ́ lára rẹ̀ fún ọjọ́ púpọ̀. Flagyl jẹ́ oògùn tí dókítà ẹranko ń lò nígbà mìíràn, ṣùgbọ́n ìwọ̀n tí wọ́n ṣe fún èèyàn lè mú kí ológbò máa ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́. Tẹtirasáíkílìn àti dókísì (doxycycline) lè há sí ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ bí kò bá sí omi tó tì í lọ, wọ́n á sì bó o. Oògùn tó ń dá ìgbẹ́ gbuuru dúró fún èèyàn lè ti májèlé mọ́nú ológbò.

Ohun tí ẹ lè ṣe nílé

Bí ológbò tó ti dàgbà bá bì lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì, tí ojú rẹ̀ ṣì dá ṣáká, tí kò sí ẹ̀jẹ̀ níbẹ̀, ẹ gbé oúnjẹ kúrò fún wákàtí mẹ́fà sí méjìlá. Ẹ má gbé omi kúrò. Omi tó mọ́ ni kí ẹ fún un, kì í ṣe èyí tó dúró nínú gọ́tà tàbí ọpọ́n lẹ́yìn òjò. Lẹ́yìn náà, ẹ bọ adìyẹ tí ẹ ti bó awọ rẹ̀, láìsí iyọ̀, ata, alúbọ́sà tàbí Maggi. Ẹ ya á wẹ́wẹ́, ẹ fún un ní ìwọ̀n ṣíbí kan lẹ́ẹ̀mẹrin tàbí ẹ̀ẹ̀marùn-ún lójúmọ́. Bó bá gbà á, ẹ máa da oúnjẹ rẹ̀ àtẹ̀yìnwá pọ̀ mọ́ ọn díẹ̀díẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún. Ẹ má fi tipátipá rọ omi sí ẹnu èyí tó ṣì ń bì.

Ọmọ ológbò kò sí nínú ètò yìí. A kì í fi ebi pa á rárá, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á tètè wálẹ̀. Bí ọmọ ológbò bá ti bì, tó sì ṣu gbuuru lọ́jọ́ kan náà, ẹ gbé e lọ. Bákan náà ni ológbò tó bá bì lẹ́ẹ̀mẹta lọ́jọ́ kan, tí ẹ̀jẹ̀ wà nínú ìgbẹ́ tàbí èébì rẹ̀, tí kò jẹun fún wákàtí 24, tí ikùn rẹ̀ le, tàbí tí kò lè dìde.

Ẹ kó ìgbẹ́ rẹ̀ díẹ̀ sínú ọ̀rá, ẹ fi fóònù ya èébì rẹ̀, kí ẹ sì mú páálí ohunkóhun tí ẹ bá rò pé ó jẹ dání. Páálí tí ẹ dá ihò sí lára, tó ní aṣọ nínú, tó láti fi gbé e. Gbígbé e sórí itan nínú bọ́ọ̀sì, nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọ̀nà Badagry, ló ń mú kó fò jáde. Dókítà á fa omi sí i lára, lábẹ́ awọ tàbí sínú iṣan, á gún un ní abẹ́rẹ́ tó ń dá èébì dúró, á wo ìgbẹ́ náà lábẹ́ ẹ̀rọ awò-kòkòrò. Ẹ béèrè bóyá orúkọ dókítà náà wà nínú ìwé Veterinary Council of Nigeria. Ẹni tó ń gún àgbò ní abẹ́rẹ́ lọ́jà lè mọ àgbò, kò fi í ṣe dókítà. Ọ̀rọ̀ tó bá le lè dé ilé ìwòsàn ẹranko Yunifásítì Ìbàdàn tàbí ti Yunifásítì Iṣẹ́ Àgbẹ̀ (FUNAAB) ní Abẹ́òkúta.

Kí ó má tilẹ̀ ṣẹlẹ̀

Abẹ́rẹ́ àjẹsára tó ń dènà panleukopenia wà. Láti ọ̀sẹ̀ 6 sí 8 ni ọmọ ológbò ti ń bẹ̀rẹ̀, a sì ń tún un gún ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin síra títí yóò fi pé ọ̀sẹ̀ 16. Ìdí tí ẹ̀ẹ̀kan kò fi tó ni pé ohun tí wàrà ìyá fi dáàbò bò ó lè pa agbára abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́. Ẹ fi ti dìgbòlugi kún un, nítorí ẹ̀yin tí ẹ ń gbé pẹ̀lú rẹ̀.

Nítorí yín náà, ẹ máa kó ìgbẹ́ inú yanrìn rẹ̀ dànù lójoojúmọ́. Aràn rẹ̀ lè mú ọmọdé tó ń fi yanrìn ṣeré. Kòkòrò toxoplasma tó ń ṣe oyún ní jàǹbá náà ń gba inú ìgbẹ́ ológbò jáde, ṣùgbọ́n ó ń gbà tó ọjọ́ 1 sí 5 kó tó lè ran ẹnikẹ́ni. Bí ẹ bá ti kó ìgbẹ́ náà dànù kí ilẹ̀ tó ṣú, ewu ti dín kù. Kí aláboyún fi iṣẹ́ yìí sílẹ̀ fún ẹlòmíràn. Kò sí ìdí láti lé ológbò kúrò nílé nítorí oyún.

Ẹ̀yin tí ẹ ń sin ológbò, ẹ má dúró dìgbà tó bá dùbúlẹ̀. Ẹ wá nọ́ńbà fóònù dókítà ẹranko kan nísinsìnyí tí ara rẹ̀ ṣì le, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ àpótí oògùn yín. Bí inú rẹ̀ bá dàrú, nọ́ńbà yẹn ni kí ọwọ́ yín kọ́kọ́ kàn, kó má jẹ́ Panadol.